Wọ́n Ní Àwọn Kò Mọ Ọkọ Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba tí kì í béèrè pépà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ kó tó gbọ́ àdúrà. Halelúyà! Ẹ ṣeun. Orúkọ mi ni Bọ́sẹ̀dé. Ìyá Fèyí lẹ mọ̀ mí sí, èmi tí mo máa ń ta ẹja gbígbẹ, tí mo máa ń jókòó nítòsí fèrèsé. Ọkọ mi, Kọ́ládé, nìyẹn lórí àga iwájú, òun tó fi ọ̀pá méjì ti ara ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ò sì béèrè. Ẹ ṣé tí ẹ ò béèrè. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ fúnra mi.

Ó ti pẹ́ tí Bàbá Pásítọ̀ ti ń ní kí n wá jẹ́rìí. Mo ń sá. Kì í ṣe pé mi ò mọ oore. Ẹkún ló wà nínú ọpẹ́ tèmi, mi ò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé méjèèjì dúró níwájú ìjọ. Wọ́n ní kí n gbé e wá bó ṣe wà. Ó dáa, bó ṣe wà nìyí.

Bíríkìlà ni ọkọ mi. Ìsẹ́yìn ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ ò sí nílé mọ́, ẹnìkan sọ fún un pé ilé ni wọ́n ń kọ́ ní Douala bí ẹni ń gbin àgbàdo. La bá di ẹrù wa. Ojú omi la gbà láti Calabar, nínú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ń lọ. Oyún Fèyí wà nínú mi nígbà náà. Omi ń ta sí mi lójú, mo di ikùn mi mú, mò ń ka Sáàmù tí ìyá mi kọ́ mi. Bí a ṣe wọ ìlú yìí nìyẹn, láìsí òǹtẹ̀ kankan nínú ìwé kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ní séjour, káàdì tí àlejò fi ń gbé ìlú yìí, ẹ má fojú kéré oore yẹn o. Ẹni tí kò ní i, ńṣe ló ń rìn bí olè nígbà tí kò jalè. Bí a bá rí ọlọ́pàá ní oríta, a ó yà sí kọ̀rọ̀. Bí ara ọmọ bá gbóná, àgbo la ó kọ́kọ́ wá, torí wọ́n lè béèrè nǹkan lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù. Síìmù inú fóònù mi, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Ọ̀gá tó bá gba ọkọ mi síṣẹ́ mọ̀ pé kò lè fẹjọ́ òun sun ẹnikẹ́ni. Bó bá wù ú, á ní kí owó iṣẹ́ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọkọ mi á ní, "Oui, patron." Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Nígbà tó yá, ó mọ́ wa lára. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ó mọ́ wa lára.

Ọ̀rẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Súlè. Ọmọ Ṣakí ni, mùsùlùmí ni, òun náà bíríkìlà bíi ti ọkọ mi. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: bí Kọ́ládé bá to búlọ́ọ̀kù, Súlè á rẹ́ ògiri. Kò tíì níyàwó. Lọ́jọ́ Sátidé, á bá mi lọ sí Youpwè lọ gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja, torí èéfín tí wọ́n fi ń yan ẹja níbẹ̀ máa ń dí mi láyà. Bó bá jẹun tán nílé wa, á nu ẹnu, á ní, "Ìyá Fèyí, bí mo bá fẹ́ padà sí Ṣakí, ẹ̀yin lẹ máa bá mi yan ìyàwó o. Ẹni tó mọ ọbẹ̀ẹ́ sè ló máa mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n sè." A ó rẹ́rìn-ín. Tonton Súlè ni ọmọ mi ń pè é, bí ọmọ ibí ṣe ń pe àbúrò bàbá. Ọmọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n tí Súlè bá ń pàlọ́, á jókòó tì í bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ ló yé e.

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, lásìkò òjò, àwọn méjèèjì ń lọ sí Japoma, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga kan. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní igi tí àwọn ń gùn níbẹ̀ ò dá òun lójú, ó ti ń jẹrà.

Mo ní, "Bàbá Fèyí, ẹ sọ fún ọ̀gá yín."

Ó ní, "Mo ti sọ ọ́. Ó ní bí ẹ̀rù bá ń bà mí, kí n mú pépà mi dání, ká jọ lọ sọ ọ́ níwájú ìjọba."

Súlè rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, jàre. Iṣẹ́ ò ní pa wá." Wọ́n gun bẹ́ńsíkìn kan, àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọlọ́kadà kan ṣoṣo, wọ́n lọ.

Ilẹ̀ ṣú, wọn ò dé. Mo pe fóònù ọkọ mi, kò lọ. Mo pe ti Súlè, kò lọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni rafle, bí ọlọ́pàá ṣe máa ń dí títì tí wọ́n á kó gbogbo ẹni tí kò bá ní káàdì. Mo ní bóyá wọ́n ti kó wọn, bóyá wọ́n ti wà lójú ọ̀nà bọ́dà. Ẹ̀yin ará, bí èèyàn ẹlòmíràn bá sọnù, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló máa sá lọ. Èmi, ọlọ́pàá ni mò ń sá fún! Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Bàbá Pásítọ̀ ni mo pè. Wọ́n gbàdúrà lórí fóònù, wọ́n ní àwọn á ní kí ìjọ gba ààwẹ̀, kí èmi lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́.

Mo pọn Fèyí, mo lọ sí Japoma. Mo bá ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu géètì ṣántíyè náà, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní èmi ni ìyàwó Kọ́ládé, ọmọ Nàìjíríà tó ń to búlọ́ọ̀kù lókè.

Ó ní, "Madame, kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan níbí."

Mo ní, "Ọ̀gá, àná ló jáde nílé wá síbí. Òun àti Súlè."

Ó ní, "Mi ò mọ̀ wọ́n."

Ojú mi ló wò tó fi sọ ọ́ o! Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Igi tí wọ́n tò sára ilé náà ti wó lápá kan, wọ́n sì ti da yanrìn tuntun sórí ilẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, mo rí bùtá tí Súlè fi ń ṣe àlùwàlá, bùtá aláwọ̀ ewé tí ẹnu rẹ̀ ti sán, tó fi rọ́bà so. Ẹni tí wọn ò mọ̀, bùtá rẹ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn.

Mo yí padà. Mo ti dé ojú títì kí n tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan lẹ́yìn mi. Gádíẹ̀nì tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ni, bàbá arúgbó kan. Ó ní, "Pardon, ọmọ mi, má dúró, máa rìn." Ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan. Ó ní igi ló dá, àwọn méjèèjì sì já bọ́ láti òkè. Patron pe takisí, ó ní kí wọ́n gbé wọn sínú rẹ̀, ó sọ fún awakọ̀ pé kó já wọn sí ọsibítù tó bá wù ú, kó má sọ ibi tó ti gbé wọn.

"Ọsibítù wo, Bàbá?"

Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní, "Jọ̀ọ́, má sọ pé èmi ni mo sọ fún ọ. Oúnjẹ lèmi náà ń wá."

Mi ò bínú sí i. Ẹ̀rù tó ń bà á, mo mọ̀ ọ́n. Inú ẹ̀ là ń gbé.

Mo lọ sí ọsibítù kan. Ọkùnrin ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n mú káàdì mi wá. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ yí padà kí ọkàn mi tó mọ̀. Mo sọdá, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń din púfù. Fèyí bá gbé orí sókè lẹ́yìn mi. Ó ní, "Maman, papa est où?" Bàbá òun dà? Hẹ̀ẹ́! Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo ayé. Àdúrà tí mo gbà lábẹ́ igi yẹn kò gùn. Mi ò rántí ẹsẹ Bíbélì kankan. Mo ní, "Jésù, mi ò ní pépà, mi ò sì ní ènìyàn. Ìwọ náà sá lọ sí Íjíbítì rí. Dá mi lóhùn."

Fóònù mi dún. Ẹnìkan tí mi ò mọ̀ ni. Ó ní òun ni Alájì, àgbà àwọn ọmọ Ṣakí ní Douala, tó ń ta aṣọ lọ́jà. Bàbá Pásítọ̀ ló ti wá a kàn nítorí Súlè. Ó ní, "Ibo lo wà, ọmọ mi? Má kúrò níbẹ̀." Ó fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó wá bá mi. Bàbá Alájì kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, ẹ̀yin ará. Mọ́sáláṣí ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ni Ọlọ́run rán.

A ń lọ láti ọsibítù dé ọsibítù. Bàbá Alájì ní séjour tiwọn, àwọn ni wọ́n ń wọlé, èmi á dúró níta. Wọ́n á jáde, wọ́n á mi orí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì tí a ti ń wá wọn, a dé ọ̀kan tí ọlọ́pàá gan-an ló dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, pẹ̀lú ìbọn. Bàbá Alájì wọlé, wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní, "Mi ò rí Súlè. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin kan wà nínú ibẹ̀ tí wọn ò mọ orúkọ wọn. Èmi ò sì dá ọkọ rẹ mọ̀. Ìwọ ló máa wọlé, ọmọ mi."

Mo wo ọlọ́pàá yẹn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń sá wá sójú mi. Mo tú Fèyí kúrò lẹ́yìn, mo gbé e mọ́ àyà, mo sì lọ bá a. Mo ní, "Chef, mi ò ní pépà. Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Bí ẹ bá fẹ́ mú mi, ẹ mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọkọ mi." Faransé tí mo sọ ò tọ́, mo mọ̀. Ó wò mí. Ó wo ọmọ náà. Mo rò pé ó fẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ńṣe ló sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Passe, Maman." Kọjá, Màmá. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògo ni fún Ọlọ́run! Mo ti ń bẹ̀rù ọkùnrin yẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò sì rí i rí.

Nọ́ọ̀sì kan mú mi gba kọ̀rídọ̀. Lórí ibùsùn irin kan tí kò ní mátírẹ́ẹ̀sì, ọkùnrin kan dojú kọ ògiri. Wọ́n lẹ bébà mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n kọ "Inconnu" sí i, pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì ní odi ni, kò gbọ́rọ̀, kò sì lè fọhùn láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé. Ọkàn mi bà jẹ́, mo ní ọkọ mi kọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpá tí mo mọ̀ mọ́ ọkọ mi wà ní ìgúnpá rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn. Mo fi oríkì rẹ̀ pè é, mo ní, "Àkànní."

Ó yí ojú sí mi. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ó ti bó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣọ́ òun. Lẹ́yìn náà, ó rọra sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló ń ṣọ́ Fèyí?"

Mo ní, "Òun nìyí. Ó wà lọ́wọ́ mi."

Nọ́ọ̀sì pariwo, ó ní, "Il parle!" Ó ń sọ̀rọ̀! Ọkọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Odi kọ́. Ó mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. Ó ní bí òun bá la ẹnu, wọ́n á mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà lòun. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á béèrè pépà. Bí kò bá sí pépà, wọ́n á tọpa òun dé ilé, wọ́n á kó èmi àti ọmọ lọ sí bọ́dà. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta, ẹ̀yin ará, ó sì pa eyín pọ̀, ó fara da ìrora náà, kò ké. Wọ́n fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n ní kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n ń dúró de ẹbí. Ẹbí ń rìn kiri níta, ó ń sá fún géètì.

Mo ní, "Súlè ńkọ́?"

Ó tún kọjú sí ògiri. Ó ní inú takisí ni Súlè kú sí. Orí rẹ̀ wà lórí itan òun. Ó kọ́kọ́ ń pe ìyá rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ń ka kálímà, lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ. Nígbà tí takisí dé ọsibítù, àwọn nọ́ọ̀sì bi òun pé ta ni òkú yìí. Òun ò dáhùn. Wọ́n sì gbé e lọ sí mọ́ṣúárì láìlórúkọ.

Bàbá Alájì wà lẹ́yìn mi, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ kọ̀rídọ̀ yẹn, tàwọn ti aṣọ funfun. Wọ́n ní, "Ìnná lílláhi." Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n lọ wo òkú ọmọ wọn.

Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọkọ mi. Dókítà ní bó bá jẹ́ pé a tètè dé ni, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Kò nílò kó parí rẹ̀. Ìjọ yìí àti àwọn ọmọ Ṣakí ni wọ́n dúró tì wá, mi ò ní gbàgbé láéláé. Àwọn mùsùlùmí sin Súlè. Kọ́ládé ò lè kúrò lórí ibùsùn, èmi ni mo lọ. Mo dúró lókèèrè láàárín àwọn obìnrin, mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹnikẹ́ni ò mú bùtá yẹn wá fún wa láti ṣántíyè. Patron ò yọjú. Mo gba ibẹ̀ kọjá láìpẹ́ yìí: ilé náà ti ga sí i, wọ́n ti kùn ún, ó dára lójú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Alájì mú fóònù wá sí ọsibítù. Wọ́n ní ìyá Súlè wà lórí ẹ̀ láti Ṣakí, ó ní òun fẹ́ bá ẹni tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Èmi ni mo di fóònù náà mú sí etí ọkọ mi. Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin náà.

Ó ní, "Ìwọ lo wà pẹ̀lú ọmọ mi?"

Kọ́ládé ní, "Èmi ni, Màmá. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi."

Ó ní, "Kò dá nìkan wà?"

"Kò dá nìkan wà, Màmá."

Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun. Ìwọ náà ńkọ́, ọmọ mi, ara rẹ dá?" Ọkọ mi ò lè sọ fún un pé wọ́n ti gé ẹsẹ̀ òun. Ó ní ara ń le díẹ̀díẹ̀. Obìnrin náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún un. Ó ní kó pẹ́ láyé, kó tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, kó má kú sí àjò. Ìyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ sí ìlú tí kò mọ̀ ló ń ṣàdúrà pé kí ọmọ tèmi má ṣe dàgbà láìní bàbá!

Torí náà, bí mo bá fẹ́ sọ pé Ọlọ́run gbọ́ tèmi, ẹnu mi máa ń wúwo, torí ìyá Súlè náà ń gbàdúrà ní Ṣakí. Mi ò mọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Mi ò wá ṣàlàyé Ọlọ́run níbí. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mo ké pè é lábẹ́ igi máńgòrò, ó dáhùn, mo sì bá ọkọ mi láàyè. N kò lè dákẹ́ sí èyí.

Àwọn àgbà Yorùbá ìlú yìí ti bá wa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pépà wa. Kò tíì parí, ẹ máa rántí wa. Ọkọ mi ń bá mi di ẹja sí ọ̀rá nílé, ó sì ń kọ́ Fèyí ní Yorùbá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò tí a wà, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, mi ò ní kẹ́ ẹ na ọwọ́ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ orúkọ yín ní kíkún fún ẹnìkejì yín, àti orúkọ ìlú yín, àti orúkọ ìyá yín. Ẹ má dá gbé bí ẹni tí kò lẹ́ni.

Mo fi ògo fún ẹni tó ni í. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa yọ̀, kẹ́ ẹ sì bá ìyá Súlè sunkún. Inú Ọlọ́run gba méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọkọ mi tẹ́lẹ̀ mọ bó ṣe máa ń jó nígbà ìdúpẹ́. Kò lè jó lónìí. Ẹ dìde, ẹ̀yin ará mi. Ẹ fi ẹsẹ̀ tiyín bá a jó.